Aago nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀: bẹ́ ẹ ṣe lè dín wander kù ní sáìtì yín

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ transmission ní Òṣogbo níbí àti agbègbè ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí gan-an tí mo fẹ́ ká jọ yanjú, torí owó ńlá ń ṣòfò lé e lórí. Kọ́sítọ́mà á ní fax òun kì í wọlé tán, PBX òun (ẹ̀rọ tẹlifóònù inú ọ́fíìsì) ń ṣe kílíkì nínú ìpè, àwọn ọmọ radio á ní ìpè ń já tí èèyàn bá ti ń bọ̀ láti Òkè-Fìà sí Ọláìyá, àwa náà á pààrọ̀ káàdì, a pààrọ̀ patch cord, a tún fáíbà so, kò sí àlááàmù pupa kankan lórí kọ̀ǹpútà NMS tá a fi ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó bá di ọjọ́ kẹta wọ́n á tún pè. Lọ́pọ̀ ìgbà káàdì yẹn ò ṣe nǹkankan, aago tí ẹ̀rọ fi ń ka bíìtì ló ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, wander nìyẹn, ohun tó sì lọ́ra báyẹn kì í pariwo.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ gan-an. E1 kan (ìlà dígítà tó ń kó ìpè pọ̀) ń gbé bíìtì 2,048,000 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ó dì wọ́n sí frame 8,000, frame kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 256, ó sì ń gba 125 microsecond. Ẹ̀rọ tó ń gbà á ní buffer tó ń kó frame sí kó tó fi aago tiẹ̀ kà á jáde. Tí aago ẹni tó ń fi ránṣẹ́ bá yára ju ti ẹni tó ń gbà lọ, buffer á kún, wọ́n á da frame kan nù, tó bá jẹ́ pé ó lọ́ra jù ú ni, buffer á gbẹ, wọ́n á ka frame kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ni slip. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kílíkì kékeré lásán ni, etí lè má fura, ṣùgbọ́n nínú fax á ba ìlà jẹ́, nínú modem á da gbogbo ẹ̀ rú, dátà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì lè ní láti tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Aago tó ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn 10 Hz sókè, jitter là ń pe ìyẹn. Èyí tó lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wander, ó lè gba ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ó lè gba wákàtí, ó lè gba odindi ọjọ́ kan kó tó lọ kó tó padà.

Ẹ wo bí ó ṣe jìnnà tó láàárín aago tó dáa àti èyí tí ò dáa. Aago àgbà tí ITU-T (àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìlànà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, tiwọn ni gbogbo ìwé ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú G níbí) ń pè ní PRC nínú G.811 ò gbọdọ̀ yẹ̀ ju ìdá 1 nínú bílíọ̀nù 100 lọ, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ kò tó microsecond kan lóòjọ́, bíi 0.86 ni. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì bá ní PRC tiwọn, tí ọ̀kan yára dé ibi tí wọ́n gbà á láyè dé, tí ìkejì náà sì lọ́ra dé ibẹ̀, slip kan ṣoṣo lẹ máa rí láàárín ọjọ́ bíi 72. Aago kékeré (SEC) inú ẹ̀rọ SDH, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kó ọ̀pọ̀ E1 pọ̀ sórí fáíbà, ńkọ́, tí kò bá rí aago kankan tẹ̀lé, G.813 gbà fún un kó yẹ̀ tó 4.6 nínú mílíọ̀nù kan, ìyẹn nìkan lè fún yín ní slip kan ní gbogbo sẹ́kọ́ńdì 27. Base station náà ò gbà ká ṣeré, frequency tó ń gbé sáfẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ yẹ̀ ju 50 nínú bílíọ̀nù kan lọ, lórí 1800 MHz, Hz 90 péré nìyẹn, tó bá sì jẹ́ TDD (tí ìlọ àti àbọ̀ jọ ń lo frequency kan, tí wọ́n ń pín àkókò), àwọn sáìtì gbọ́dọ̀ wà láàárín microsecond 1.5 sí aago tí gbogbo wọn jọ ń tẹ̀lé, kí wọ́n má bàa máa sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí rèé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní PLL nínú, PLL yìí ló ń tẹ̀lé aago tó ń wọlé, ó sì tún jẹ́ asẹ́, ohun tó bá yára ju bandwidth ẹ̀ lọ, á sẹ́ ẹ dànù. Ti SEC inú SDH wà láàárín 1 sí 10 Hz, ti SSU tó jẹ́ asẹ́ tó dáa jù lójú ọ̀nà wà ní nǹkan bíi 3 mHz (ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún Hz kan, kì í ṣe MHz). Àwọn èèyàn á wá sọ pé ẹ lọ ra SSU, ó máa fọ aago yín mọ́. Òótọ́ ni, ó máa fọ èyí tó yára. Ṣùgbọ́n wander tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ torí oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru, frequency tiẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.012 mHz, asẹ́ 3 mHz ò lè dí i lọ́wọ́ rárá, á rìn kọjá gbangba, ẹ̀rọ tó kàn á tún fi tiẹ̀ kún un, èyí tó tẹ̀ lé e á tún fi tiẹ̀ kún un. Nítorí náà iṣẹ́ wa kì í ṣe ká kàn máa wá asẹ́ kiri, iṣẹ́ wa ni ká mú orísun aago súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń lò ó, ká dín iye ẹ̀rọ tó ń gbé e lọ́wọ́ kù, ká sì yanjú ohun tó ń mú un yẹ̀ níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, orí èyí ló dúró lé.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan, ẹ wọ̀n ọ́n

Tester tó ń wọn TIE (bí àkókò aago ṣe yẹ̀ tó sí ti aago tó péye) lẹ nílò, òun fúnra ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní aago tó ju èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n lọ, yálà rubidium (irú aago atomic kan) tàbí èyí tó ń gba GPS, tẹ́ ẹ bá fi aago inú tester lásán wọ̀n ọ́n, ẹ ò ní mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń yẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí 24, tí ààyè bá wà ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè fi wander hàn yín, bí ẹ̀rọ náà tiẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Àsìkò tó dáa jù láti wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ wa níbí ni inú ọyẹ́, láàárín December sí February, torí òtútù kùtùkùtù àti ooru ọ̀sán máa ń jìnnà síra gan-an nígbà yẹn, ohun tó bá fẹ́ fara hàn á fara hàn.

Mo rántí èyí tá a wọ̀n nínú shelter kan (ilé kékeré tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ sí) lọ́nà Ìkìrun nínú ọyẹ́. Láti agogo méjì òru títí ilẹ̀ fi mọ́, ìlà TIE dúró pẹrẹsẹ, nígbà tó di bí agogo mẹ́sàn-án tí oòrùn ti bọ́ sára ògiri shelter yẹn, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí di agogo mẹ́ta ọ̀sán, lẹ́yìn náà ó tún rọra wálẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, lórí òkè yẹn gan-an a rí ṣóńṣó mélòó kan tó mú wa ronú, ìgbà tá a wo ìwé àkọsílẹ̀ iná, ìgbà tí NEPA mú iná lọ tí AC kú tí jẹnẹrétọ̀ ò tíì gbé e ni ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún wa mọ́ pé ibo ni ká lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ka ìlà yẹn nìyí. Tó bá ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ tààrà láìpadà, frequency ló yàtọ̀, ẹ̀rọ yẹn ò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni, ó wà ní free run (ó ń dá rìn) tàbí holdover (ó ń fi ìrántí aago tó pàdánù rìn), ìyàtọ̀ 1 nínú bílíọ̀nù kan á fún yín ní microsecond 86.4 lóòjọ́. Tó bá ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ bá oòrùn rìn, ìgbóná ni. Tó bá fò lójijì lẹ́ẹ̀kan tó wá dúró síbẹ̀, pointer (àmì tó ń tọ́ka ibi tí ẹrù bẹ̀rẹ̀ nínú SDH) ni tàbí pé wọ́n pààrọ̀ orísun. Tó bá sì ń lọ ń bọ̀ láìní àsìkò kan pàtó tó sì ń jìnnà sí i lójoojúmọ́, ẹ wo bóyá aago ti ń yípo, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. MTIE á sọ bó ṣe yẹ̀ tó ní ibi tó burú jù, TDEV á sọ irú ariwo tó jẹ́, ṣùgbọ́n ojú lásán lórí ìlà TIE yẹn á ti sọ ìdá púpọ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ẹ ya ọ̀nà tí aago ń gbà sórí ìwé

Mo bẹ̀ yín, ìwé àti bíírò ni o, ẹ má gbára lé ohun tí NMS yà fún yín nìkan. Ẹ kọ gbogbo sáìtì, ẹ wá fa ọfà láti ibi tí aago ti ń wá sí ibi tó ń lọ, ti orísun àkọ́kọ́ àti ti orísun kejì. Ẹ jẹ́ ká fi ring kan (sáìtì tí wọ́n so yípo) ṣàpẹẹrẹ, Òṣogbo sí Ẹdẹ, Ẹdẹ sí Gbọ̀ngán, Gbọ̀ngán sí Ifẹ̀, Ifẹ̀ sí Iléṣà, Iléṣà padà sí Òṣogbo, orísun gidi wà ní Òṣogbo. Tí gbogbo nǹkan bá ń lọ dáadáa kò sí wàhálà. Ọjọ́ tí fáíbà Òṣogbo sí Ẹdẹ bá já nítorí àwọn tó ń la ọ̀nà, Ẹdẹ á wo Gbọ̀ngán láti gba aago, Gbọ̀ngán fúnra ẹ̀ sì ń gba tiẹ̀ lọ́wọ́ Ẹdẹ, àwọn méjèèjì á wá máa tẹ̀lé ara wọn, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà nínú wọn, wọ́n á jọ máa yẹ̀ lọ. Àlááàmù ò ní ké torí kálukú rí aago tó ń tẹ̀lé! Timing loop nìyẹn, ó burú gan-an.

SSM, ìyẹn àmì tó ń sọ ìpele aago, ló ń dènà ẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á máa sọ irú aago tí òun gbé wá: 0010 fún PRC, 0100 fún SSU-A, 1000 fún SSU-B, 1011 fún SEC, 1111 ni ẹ má lò mí. Port tí ẹ̀rọ kan bá ti ń gba aago wọlé, ó gbọ́dọ̀ dá 1111 padà gba ibẹ̀. Ẹ wọlé sínú gbogbo ẹ̀rọ ring yẹn, kẹ́ ẹ rí i pé SSM wà ní títàn, kò sì sí port tí ẹnì kan ti fọwọ́ kọ PRC sí lára kí àlááàmù lè lọ. Ìyẹn wọ́pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, pàápàá níbi tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ méjì ti pàdé, ọ̀kan ò gbọ́ SSM ìkejì, ẹni tó wà níbẹ̀ lóru á kàn ní kí òun fi PRC sí i kí òun lè lọ sùn.

Bẹ́ ẹ bá ti ya ọfà tán, ẹ ka iye ẹ̀rọ tó wà láàárín orísun àti sáìtì tó jìnnà jù. G.803 fi ààlà sí i: SEC 20 péré láàárín SSU kan sí èkejì, SSU ò gbọdọ̀ ju 10 lọ, SEC lápapọ̀ ò gbọdọ̀ ju 60. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ má tiẹ̀ súnmọ́ ààlà yẹn, ẹ̀rọ mẹ́fà, méje, ó ti pọ̀ tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo ibi tẹ́ ẹ ti ń yọ aago gan-an. Tẹ́ ẹ bá ń yọ aago láti inú E1 tó gba inú SDH wá, ẹ dá a dúró lónìí. E1 yẹn wà nínú VC-12 (àpótí tí SDH fi ń gbé E1), ìgbàkígbà tí pointer ẹ̀ bá sún, bíìtì mẹ́jọ ló ń fò lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn microsecond 3.9, kò sì sí aago tó ń tẹ̀lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí ò ní mì. Ara STM-N, ìyẹn ìlà SDH fúnra ẹ̀, ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́, ẹ gbé e jáde gba port T4 tó wà fún un. Tí PBX tàbí base station kọ́sítọ́mà ò bá ní ọ̀nà míì ju E1 yẹn lọ, ẹ lo ẹ̀rọ retiming (tó ń fi aago tó dáa tún E1 kà jáde) níbi tó ti ń jáde.

Wait-to-restore (àkókò tí ẹ̀rọ fi ń dúró kó tó padà sí orísun tó tún yè) náà ò gbọdọ̀ jẹ́ òdo. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa ń wà, àwọn kan á sọ ọ́ di òdo torí wọ́n fẹ́ kó tètè padà, link tó bá wá ń já tó ń so nínú òjò á máa fi aago ju káàkiri. Ẹ fi í sílẹ̀ ní márùn-ún.

Ẹ mú orísun súnmọ́

Tó bá jẹ́ pé aago Òṣogbo ń wá láti Èkó, ó gba Ìbàdàn, ó gba gbogbo ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe tó níbí tó máa dà bí orísun tẹ́ ẹ gbé sí Òṣogbo fúnra ẹ̀. GNSS receiver kan (ẹ̀rọ tó ń gba aago láti sátẹ́láìtì bíi ti GPS) tó ní OCXO (aago quartz inú ààrò kékeré) tàbí rubidium nínú ló máa já ṣéènì yẹn kúrú, aago tó ń bọ̀ láti Èkó á wá di ìrànlọ́wọ́ fún ọjọ́ tí àńtẹ́nà bá ní ìṣòro.

Àńtẹ́nà yẹn ṣe pàtàkì ju àpótí tó wà nísàlẹ̀ lọ o. Ó gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run yí ká, ẹ má gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ga jù ú lọ torí sígínà á máa ta padà lára ògiri kó tó wọlé, ẹ má sì gbé e síwájú àńtẹ́nà mástì tó ń sọ̀rọ̀. Ààrá agbègbè wa yìí kì í ṣe kékeré lásìkò òjò, ẹ fi arrestor sí i, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ earth tó dáa, kì í ṣe wáyà tẹ́ ẹ kàn fi há ilẹ̀ lásán. Okùn àńtẹ́nà náà ń gba àkókò, bíi nanosecond 4 sí 5 ní mítà kan, okùn mítà 30 lè fún yín ní 120 sí 150. Kò kan frequency rárá, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í ṣe TDD, ẹ kọ ọ́ sínú setting cable delay. Ẹ jẹ́ kí receiver náà parí survey tó fi ń mọ ibi tó wà kẹ́ ẹ tó so ẹ̀rọ kankan mọ́ ọn.

Iná àti ooru

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé níbí ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe. OCXO jẹ́ quartz tí wọ́n tì mọ́ inú ààrò kékeré tó máa ń gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ nígbà gbogbo kí ooru ìta má bàa kàn án lára, tí iná bá wá kú mọ́ ọn lórí, ààrò á tutù, tí iná bá padà dé á tún gbóná, quartz yẹn sì lè lo ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà míì ju ọjọ́ kan lọ, kó tó fara balẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà aago kì í gba iná lára inverter tàbí lára soket AC. Ara −48 V tó ní bátìrì lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, fúùsì méjì, ọ̀nà méjì, kẹ́ ẹ sì rí i pé kò sí lára ohun tí rectifier (ẹ̀rọ tó ń sọ iná AC di DC) máa kọ́kọ́ já sílẹ̀ tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀.

Ti ooru, ohun tó ń ba aago jẹ́ ni kí ooru máa yí padà. Yàrá tó wà ní dígírì 28 ní gbogbo ìgbà dáa fún aago ju èyí tó ń lọ láti 19 sí 35 tó tún ń padà lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu AC máa fẹ́ sára káàdì aago tààrà, torí gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń tàn tó ń kú, ìlà TIE yín á máa jó bá a. Ẹ gbé ẹ̀rọ aago sísàlẹ̀ rack, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti sí ẹ̀rọ tó ń tú ooru jáde. Ògiri shelter tí oòrùn ọ̀sán ń bá jà, ẹ fi ìbòòji sí i, kò wọ́n rárá, ó sì ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Mo ń gbọ́ táwọn èèyàn máa ń di ẹ̀bi ru fáíbà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: fáíbà kìlómítà 100, tí ìgbóná bá yí padà ní dígírì 10, àkókò tó ń gbà á yí padà ní nǹkan bíi nanosecond 40 péré, torí ó tó 40 picosecond ní kìlómítà kan fún dígírì kan. Èyí tó wà lórí òpó á yí ju èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ, òótọ́ ni, síbẹ̀ ẹ fi wé microsecond 3.9 tí pointer kan ṣoṣo ń fò. Ẹ wá ibòmíràn wò kẹ́ ẹ tó lọ gbẹ́ ilẹ̀.

Tó bá jẹ́ PTP lẹ ń lò

Níbi tí wọ́n ti gbé gbogbo nǹkan sórí Ethernet, tí PTP ń fi pákẹ́ẹ̀tì gbé aago, wander lè máa tẹ̀lé tráfíìkì dípò oòrùn. Ní alẹ́ tí gbogbo ìgboro bá wà lórí fóònù, pákẹ́ẹ̀tì PTP á máa dúró nínú ìlà lẹ́yìn pákẹ́ẹ̀tì fídíò, aago á máa rò pé ọ̀nà ti jìn sí i. Àtúnṣe tó dáa jù ni kí gbogbo switch lójú ọ̀nà jẹ́ boundary clock (tó ń gba aago, tó sì ń fi tiẹ̀ ránṣẹ́ síwájú) bí G.8275.1 ṣe wí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí SyncE (aago tó ń bá ìlà Ethernet fúnra ẹ̀ wá) máa gbé frequency nígbà tí PTP ń gbé phase (àkókò gan-an). Tí apá owó ò bá ká gbogbo ẹ̀, ẹ gbé PTP sí queue tó ga jù, kẹ́ ẹ sì dín iye switch tí kò mọ PTP kù.

PTP tún gbà pé ìlọ àti àbọ̀ gùn bákan náà. Tí wọn ò bá gùn bákan náà, ìdajì ìyàtọ̀ ẹ̀ ni aago yín á fi yẹ̀, kò sì ní sọ fún yín. Patch cord mítà 20 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo á jẹ́ nanosecond 100 ní ìyàtọ̀, àṣìṣe 50 nìyẹn. Ẹ bi àwọn tó ń so fáíbà bóyá core ìlọ àti àbọ̀ jọ wà nínú okùn kan náà, ìgbà tí wọ́n bá sì tún un so lẹ́yìn tó já, ẹ lọ wọ̀n ọ́n padà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán, ẹ so tester yẹn padà sí port kan náà fún iye wákàtí kan náà, kẹ́ ẹ gbé ìlà tuntun lé ti àtijọ́ lórí, kẹ́ ẹ sì tún ka slip counter lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ lẹ ìwé tẹ́ ẹ ya ọfà sí mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn shelter, pẹ̀lú déètì àti orúkọ port tí aago ń gbà wọlé, kí ẹni tó bá wà ní duty lóru lè rí i kó tó yí nǹkankan.